Ẹ̀rọ Tí Ó Ń Gbọ̀n, Kì í Ṣe Ẹ̀rọ Tí Ó Ń Gbọ́n

Ọmọ mi, ìyá Olórí Ilé,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ ní ìdúró, jọ̀wọ́, wá ìjókòó. Bí ó bá sì bá ọ ní ìjókòó, má ṣe dìde títí tí wàá fi kà á dé ibi tí mo fọwọ́ sí. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìsùn, mo kí ọ kú ìrọ́jú. Mo kí ọkọ rẹ, àna mi, ẹni tí ó ń gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní òwúrọ̀, tí ó sì ń gbé e gòkè padà ní ìrọ̀lẹ́ láìráhùn. Mo kí Olórí Ilé fúnra rẹ̀, ọmọ-ọmọ mi tí kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin yàrá kan já, tí ó sì jẹ́ pé láti orí àga rẹ̀ ni ó ti ń pàṣẹ fún gbogbo yín. Ọlọ́run tí ó fún un ní ẹnu kò ní ṣàì fún un ní ẹsẹ̀ tí yóò máa tẹ̀lé àṣẹ ẹnu náà. Àmín.

Ara wa le níwọ̀nba, ìyá rẹ ń kí ọ. Òrùlé ilé ẹ̀rọ tí a ti ń lọ àgbàdo ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni ó ń jò sí, nítorí náà a ti gbé garawa síbẹ̀, a sì ti gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa bímọ, ó sì kó gbogbo ọmọ náà wá sí ẹnu ọ̀nà wa bí ẹni pé èmi ni bàbá wọn. Kafíńtà tí ó kan bẹ́ǹṣì wa nígbà kan rí ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ojú òun kò ríran mọ́, pé ìṣó ti ń sá fún òun. Ilé ìfowópamọ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí orí fóònù mi pé n kò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi han ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, nígbà tí mo lọ gba owó, tí ọmọbìnrin tí ó wà lẹ́yìn káńtà ní kí n tẹ nọ́ńbà náà sí ara ẹ̀rọ kékeré kan, mo kọ̀ jálẹ̀, mo ní èmi àti ẹ̀rọ náà kò bá ara wa tan. Ó rẹ́rìn-ín, mo sì padà wálé láìgba kọ́bọ̀. Òfin wọn ni mo pa mọ́, ọmọ mi, n kò mọ ohun tí ó pa á lẹ́rìn-ín.

Wàá ti ṣàkíyèsí pé mo fi àmì ohùn sí orí gbogbo ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí, bí ọmọ iléèwé tí ń bẹ̀rù ẹgba. Kì í ṣe láti fi hàn pé mo ti kàwé rí ni mo ṣe ń ṣe é. Àìsí àmì ni ó dá ìjà tí ó wà láàárín wa sílẹ̀, mo sì ti búra pé bí ìjà kan yóò bá tún wà, kò ní jẹ́ nítorí pé mo ṣe ọ̀lẹ nípa àmì.

Iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, báyìí ni ó ṣe wọlé, mo ṣì ní i níbẹ̀: “Baba, won ti n gbe Olori Ile sori ero to n gbon. Won ni o le ran an lowo. E ba wa gbadura.” Ọ̀rọ̀ náà kò lámì, èmi ni mo sì bá a wá àmì. Mo kà á pé ẹ̀rọ tí ó ń gbọ́n. Má ṣe dá mi lẹ́bi kánkán, nítorí rédíò ni ó kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà. Ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ń sọ lórí rédíò pé ayé ti dé ibi tí ẹ̀rọ ti ń gbọ́n, pé ẹ̀rọ ń kọ lẹ́tà, pé ó ń dáhùn ìbéèrè, pé ó ń bá ọmọ ènìyàn jiyàn. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ dé, mo gbà pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé ọmọ wa lé lórí, kí ọgbọ́n inú rẹ̀ lè máa gba ìdí ọmọ gòkè lọ sí orí rẹ̀. Inú bí mi. Mo ní ṣé Olórí Ilé ni wọ́n pè ní òmùgọ̀? Ọmọ tí ó máa ń sọ fún mi lórí fóònù pé, “Bàbá àgbà, ẹ ti pa ìtàn yìí rí, ẹ wá òmíràn”? Ẹsẹ̀ ni ó ń yọ ọmọ lẹ́nu, ọpọlọ rẹ̀ pé ju ti gbogbo àwa tí a ń gbé e kiri lọ.

Ìbínú náà ni mo fi tẹ èsì tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ: “Opolo omo naa pe. E ye gbe e kiri fun aye wo. Ile ni ki e fi i si.” Èyí kò nílò àmì, bí ènìyàn bá ṣe kà á ni yóò ṣe dun ni. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ìwọ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí, nígbà tí o ṣì kéré, nígbà tí kì í ṣe ọmọ rẹ ni mo ń sọ ọ́ sí. Mo mọ̀ pé ìdí nìyẹn tí o kò fi dá mi lóhùn mọ́. Láti ọjọ́ náà ni fóònù mi ti dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà lábẹ́ iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ náà, àpótí kékeré dúdú kan tí ó ní ọfà funfun láàárín. Mo rò pé òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn ni, pé ọfà náà ń tọ́ka sí ibi tí dókítà fọwọ́ sí. Mo tilẹ̀ yìn wọ́n nínú ọkàn mi pé iṣẹ́ wọn létò. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọjá kí Ìyá Ṣájà, obìnrin tí ó ń bá gbogbo àdúgbò ṣáàjì fóònù ní orígun òpópónà wa, tó rí i lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Háà, Bàbá Pólì! Fídíò nìyí, fóònù yín ni kò ní ojú tí yóò fi rí i.” Ó gbé e sí orí fóònù tirẹ̀ tí ó fẹ̀ bí àwo, mo sì ní kí wọ́n bá mi pe ìyá rẹ wá.

A wò ó. Mo rí yàrá tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, mo rí fèrèsé gíga, mo rí obìnrin tí ó wọ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tí ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ wa. Mo rí Olórí Ilé ní ìdúró, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, tí ó tẹ orúnkún díẹ̀, lórí nǹkan pẹlẹbẹ kan tí ó dà bí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò àgbàdo. Obìnrin náà tẹ bọ́tìnnì kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, aṣọ rẹ̀ ń mì, ohùn rẹ̀ sì gé wẹ́wẹ́ bí ó ti ń pè mí pé, “Bà-à-à-bá à-à-gbà-à-à, ẹ wo-o-o mi-i-i.” Mo kígbe. Mo ní ibà ni! Mo ní kí wọ́n fi aṣọ bo ọmọ náà kíákíá, pé ṣé wọn kò rí i pé òtútù ń pa á ni? Gbogbo àwọn tí ó dúró de fóònù wọn rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Bàbá Pólì, ẹ fi aṣọ bo fóònù náà kí ara rẹ̀ lè móoru.”

Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó na ìka kan sí ẹsẹ̀ ọmọ inú fóònù náà, ó ní, “Bẹ́ǹṣì Jẹ́jẹ́ nìyẹn.” Ó yí padà, ó ń lọ sílé, kò sì dúró dè mí.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ irú gbon tí o kọ. Ibẹ̀ náà ni ìtìjú tí mo ti bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ti jí dìde.

Ọmọ mi, o rántí Jẹ́jẹ́, àbúrò rẹ, ṣùgbọ́n ojú ọmọdé ni o fi rí i. Jẹ́ kí n fi ojú tèmi sọ ọ́ fún ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì le, wọ́n sì kọ́ ara wọn bí àlùmọ́gàjí tí ẹnìkan pa dé tí kò sì ṣe é ṣí. Bí ìyá rẹ bá fẹ́ wọ ṣòkòtò fún un, bí ìjà ni. Kò sí ẹni tí yóò bá a mójú tó o nílé, nítorí náà ó máa ń gbé e wá sí ilé ẹ̀rọ, yóò sì gbé e jókòó sí orí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Ìṣó ni kafíńtà fi kan bẹ́ǹṣì náà mọ́ ara igi tí ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀. Bí mo bá ti tan ẹ̀rọ, bẹ́ǹṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí bẹ́ǹṣì bá sì ti gbọ̀n díẹ̀, ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ á tú sílẹ̀, èkíní á kúrò lára èkejì, ọmọ náà á la ẹnu, á máa kọrin “àà-à-à-à” kí ó lè gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń já. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń borí ariwo ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ kan, ó na ọwọ́, ó di ẹsẹ̀ igi mú, ó sì dìde dúró. Ó dúró títí àgbàdo obìnrin kan fi lọ̀ kúnná. Ìyá rẹ pariwo, ìwọ pàtẹ́wọ́, ìyẹ̀fun bo gbogbo wa lójú. Èmi náà rí i. Má ṣe jẹ́ kí n purọ́ fún ọ pé n kò rí i.

Ìgbà tí àwọn tí a jọ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboníṣe, Pólì tí wọ́n fi ń pè mí, wá kí mi ni nǹkan bàjẹ́. Ọkọ̀ tí ó ń dán ni wọ́n gbé wá. Wọ́n wọ bàtà tí kò yẹ kí ó tẹ ilẹ̀ wa. Wọ́n bá mi nínú ìyẹ̀fun, wọ́n sì bá Jẹ́jẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ó ń kọrin rẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn wò ó, ó bi mí pé, “Ta ló ni eléyìí?” Mo ní ọmọ oníbàárà kan ni.

Ìyá rẹ wà níbẹ̀. Igbá àgbàdo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ gbọ́ ohùn mi, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí mi kí n gbé òun. N kò gbé e.

Èkejì gbá ẹ̀rọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Ẹlẹ́gbẹ́ mi, ẹ̀rọ yìí ń gbọ̀n jù, àbí o ti gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ wa?” N kò gbàgbé. Wọ́n kọ́ wa pé ẹ̀rọ tí ó bá ń gbọ̀n ń jẹ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nítorí pé ó fún mi ní ibi tí mo lè sá pamọ́ sí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ra sìmẹ́ńtì, mo da kọnkéré sí abẹ́ ẹ̀rọ, mo tẹ́ rọ́bà táyà àlòkù sí i, mo fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè é mọ́lẹ̀, mo sì fi ayùn gé igi tí ó so bẹ́ǹṣì pọ̀ mọ́ ọn. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé kí ẹ̀rọ lè pẹ́ ni. Iṣẹ́ náà dára, ọmọ mi, iṣẹ́ tí mo ṣe dáadáa jù lọ láyé mi nìyẹn. Ẹ̀rọ náà kò gbọ̀n mọ́ títí di òní. O sì wá bá mi, o bi mí pé, “Bàbá, kí ló dé tí bẹ́ǹṣì kò sọ̀rọ̀ mọ́?” Mo dá ọ lóhùn pé ẹ̀rọ náà ló ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, pé mo ti wò ó sàn. O gbà mí gbọ́. O lọ ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ pé dókítà ẹ̀rọ ni bàbá rẹ.

Ìyá rẹ ṣì gbé Jẹ́jẹ́ wá ní ìgbà díẹ̀ sí i. Bí mo bá ti tan ẹ̀rọ, yóò tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí orí bẹ́ǹṣì, yóò fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò máa dúró. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, yóò rọra máa gbá igi náà bí ẹni tí ń jí ẹni tí ó sùn. Mo ń wò ó. N kò lè fara da ìwò náà, ni mo bá sọ fún ìyá rẹ pé kí ó yé gbé e kiri fún ayé wò, pé ilé ni kí ó fi í sí. Ilé náà ni ó wà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, títí àyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Irùngbọ̀n kò tíì hù ní àgbọ̀n rẹ̀ nígbà tí a sin ín. Ìyá rẹ kò fi ọ̀rọ̀ náà sùn mí rí. Ó kàn jẹ́ pé láti ìgbà náà, kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn mọ́.

Lẹ́yìn fídíò náà, mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà ní ibùdó ìlera, mo ní kí ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní òótọ́ ni, pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí ó ń gbọ̀n ran àwọn ọmọ tí iṣan wọn le àti àwọn tí eegun wọn kò lágbára lọ́wọ́, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú eré ìdárayá mìíràn. Ó ní kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó wà fún, pé àwọn onímọ̀ ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò, pé ẹni tí ó bá sọ pé ọmọ yóò sáré lọ́la nítorí rẹ̀, òpùrọ́ ni. Mo wá bi í nípa bẹ́ǹṣì. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀rọ ìlọgbàdo kì í ṣe ẹ̀rọ ìwòsàn. Tiwa ní òdiwọ̀n. Tiyín lè ṣe ọmọ léṣe.” Mo ní ṣé ìyẹn ni pé kì bá tí ràn án lọ́wọ́? Ó ní, “Bàbá, n kò mọ̀.” Ìdáhùn tí mo gbé wálé nìyẹn. N kò lè sọ pé mo pa ìwòsàn ọmọ mi, n kò sì lè sọ pé n kò pa á. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé ó ń rẹ́rìn-ín, mo sì fi sìmẹ́ńtì dí orísun ẹ̀rín náà.

Mo fẹ́ mọ bí ó ti rí lára Olórí Ilé. Ìyá Ṣájà bá mi yí fóònù mi padà kí ó máa gbọ̀n dípò kí ó máa dún. Mo fi aṣọ dè é mọ́ orúnkún mi tí ó ń dùn mí, mo sì bẹ Ìyá Ṣájà kí ó máa pè mí ní ọ̀sán, kí n má sì gbé e. Ó ń pè, orúnkún ń gbọ̀n, mo la ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí ọba. Ọmọ mi, ní ọ̀sán Sátidé tí ó kọjá, fóònù náà gbọ̀n pẹ́ ju ti ìgbàkígbà lọ. Mo di ojú, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ṣájà pé ó láàánú. Nígbà tí mo tú aṣọ, orúkọ rẹ ni mo bá níbẹ̀. Ìwọ ni o pè mí, lẹ́yìn gbogbo ìdákẹ́jẹ́ yẹn, mo sì jókòó, mo ń fi ìpè rẹ tọ́jú orúnkún. Mo pè ọ́ padà títí, o kò gbé e. N kò mọ ohun tí o fẹ́ sọ. Jọ̀wọ́, má ṣe rò pé mo kọ̀ ọ́. Mo ti kọ ọmọ kan rí, n kò ní ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Mo gbé òòlù àti irin lọ sí ìdí ẹ̀rọ, mo ní kí n tú ohun tí mo dè. Àwọn nọ́ọ̀tì ti dógùn-ún, kọnkéré kò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Irin ni ó tẹ̀. Ìyá rẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí títí, ó gba òòlù lọ́wọ́ mi, ó ní, “Má yọ ara rẹ lẹ́nu mọ́, àgbàdo àwọn ènìyàn wà nílẹ̀.” Lẹ́yìn náà ni ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Èmi náà jókòó tì í.

Nísinsìnyí, ẹ̀bẹ̀ mi. Owó ọkọ̀ ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ, àlọ nìkan pàápàá tó. Owó díẹ̀ tí mo ní wà ní ilé ìfowópamọ́, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé èmi àti ẹ̀rọ wọn kò tíì rẹ́. N kò wá láti gbà yín nímọ̀ràn. N kò ní bá dókítà jiyàn, n kò ní fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo kàwé ẹ̀rọ. Mo fẹ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọmọ wa bá ti ń gbọ̀n, níbi tí gbogbo ẹni tí ó bá ń wọlé yóò ti rí mi, títí ẹnìkan yóò fi wo ọmọ náà tí yóò sì béèrè pé, “Ta ló ni eléyìí?” Mo ti ń múra ìdáhùn náà sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ rẹ gbọ̀n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi lè gbé e débi tí ó bá lè gbé e dé. Bí kò bá tilẹ̀ gbé e jìnnà, kí ó má ṣe ṣàìní ẹni tí yóò nawọ́ gbà á. Kí ó má ṣe rẹ ọkọ rẹ lórí àtẹ̀gùn. Kí ìwọ náà rí ẹni tí yóò tù ọ́ nínú, bí mo tilẹ̀ ti pàdánù ẹ̀tọ́ láti jẹ́ ẹni náà. Kí Ọlọ́run sì jẹ́ kí èmi gbọ́n, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́. Àmì wà lórí àwọn ọ̀rọ̀ náà. Tún wọn wò kí o tó ṣe àmín.

Mo ti tú fóònù kúrò lórí orúnkún. Orí bẹ́ǹṣì Jẹ́jẹ́ ni mo gbé e sí, mo sì ti pa ẹ̀rọ kí ariwo má bàa bò ó. Bí o bá pè, igi náà yóò gbọ̀n, n ó sì mọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí bẹ́ǹṣì, tí ó fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó ń dúró.